Sá àbí ṣá? Kátíríìjì, apá ẹ̀rọ, àti rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn òbí wa

Lẹ́yìn ètò tá a ṣe lórí bí ohùn ṣe ń rìn nínú afẹ́fẹ́, ìbéèrè kan ló pọ̀ jù nínú èyí tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, pàápàá láti ọ̀dọ̀ àwa tá a wà ní Prince George's County níbí, láti Hyattsville dé Bowie, láti Laurel dé Fort Washington: "Bàbá mi kó páálí rẹ́kọ́ọ̀dù wá láti Nàìjíríà. Ẹ̀rọ wo ni kí n fi gbọ́ ọ?" Àwọn mìíràn ti ka ìwé lọ jìnnà. Wọ́n ń béèrè bóyá kátíríìjì ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là dára ju ti igba dọ́là lọ, àti bóyá apá gígùn sàn ju apá kúkúrú.

Màá dáhùn. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí, kẹ́ ẹ lè máa bá mi jiyàn bẹ́ ẹ ṣe ń kà á lọ. Bí ẹnu abẹ́rẹ́ ṣe rí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sanwó fún. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́ ẹ wò ó bóyá kátíríìjì àti apá ẹ̀rọ bára wọn mu. Orúkọ ilé iṣẹ́ àti owó gọbọi ló kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ yìí sì kan àwa tá à ń kọ́ Yorùbá ju ẹlòmíràn lọ, torí pé nínú àpàlà, sákárà, jùjú àti fújì, ọ̀rọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀: oríkì, orúkọ èèyàn, òwe, ìlù tó ń sọ̀rọ̀. Bí abẹ́rẹ́ ò bá ka ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, orin á ṣì dùn, ẹsẹ̀ á ṣì jó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ á ti sọnù.

Poro inú àwo

Ẹ mú rẹ́kọ́ọ̀dù kan lọ́wọ́, kẹ́ ẹ gbé e síbi tí iná á ti máa tàn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ máa rí ilà wínníwínní tó yí i po. Ó jọ pé ilà náà pọ̀, àmọ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni. Etí àwo ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń yí lọ sí àárín bí ìkarahun ìgbín. Poro ni mo fẹ́ máa pè é. Ẹni tó bá ti dé oko mọ poro: ọ̀nà tóóró tó wà láàárín ebè kan àti èkejì. Bí ojú àwo kan bá gba ogún ìṣẹ́jú, poro yẹn gùn ju 400 mítà lọ, fífẹ̀ rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ti irun orí kan lọ.

Ara ògiri poro lọ́tùn-ún àti lósì ni ohùn wà. Bí abẹ́rẹ́ bá ń gba inú rẹ̀ kọjá, ògiri á máa tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún, ohun tó ń tì í yẹn ló máa di ohùn létí wa. Ẹ̀rọ Thomas Edison ti ọdún 1877 ń gbẹ́ ohùn lókè-sódò sára àgbá tó ń yí. Emile Berliner ló ní kí abẹ́rẹ́ máa lọ sọ́tùn-ún àti sósì, òun ló sì gbé ohùn wá sójú àwo pẹlẹbẹ. Ọmọ Jámánì ni, ó dé Amẹ́ríkà lọ́dún 1870, ó gba ìwé àṣẹ gíràmófóònù lọ́dún 1887, ìlú Washington tó bá káúntì wa pààlà yìí ló sì gbé. Irú àwo pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀ ni Ẹni Ọ̀wọ̀ J. J. Ransome-Kuti, bàbá àgbà Fẹlá, kọrin sí fún Zonophone ní London lọ́dún 1922. Láti ìparí àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ń ta àwo stereo, níbi tí ògiri poro kan ti gbé ohùn ọ̀tún, tí èkejì sì gbé ti òsì.

Kátíríìjì ni àpótí kékeré tó wà lórí apá ẹ̀rọ, tí abẹ́rẹ́ yọ jáde lábẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ gbígbọ̀n di iná mànàmáná. Bí òòfà bá ń mì nítòsí wáyà tá a ká jọ, iná máa ń sáré nínú wáyà náà. Nínú irú kátíríìjì kan, òòfà ló wà nídìí ọ̀pá abẹ́rẹ́, wáyà dúró sójú kan: moving magnet nìyẹn, MM. Nínú ìkejì, wáyà ló ń mì, òòfà dúró: moving coil, MC. Wáyà tó ń mì ní láti fúyẹ́, torí náà wọn kì í ká a pọ̀, iná rẹ̀ sì máa ń kéré. Ọ̀pọ̀ MC kì í mú ju nǹkan bí 0.3 mìlífóòtì jáde, nígbà tí MM ń mú 3 sí 5 wá. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá ra MC tún ní láti ra ohun tó lágbára tó láti gbé ohùn rẹ̀ sókè. Ohun mìíràn wà tí ìpolówó kì í sọ. Abẹ́rẹ́ ọ̀pọ̀ MM ṣeé fọwọ́ fà yọ, kẹ́ ẹ ki tuntun bọ̀ ọ́. Bí abẹ́rẹ́ MC bá jẹ, odindi kátíríìjì lẹ máa fi ránṣẹ́ fún àtúnṣe, tàbí kẹ́ ẹ ra òmíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má so ẹ̀rọ àwo mọ́ ihò AUX lásán. Nígbà tí wọ́n bá ń gbẹ́ poro, wọ́n máa ń dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, wọ́n á sì fi kún ohùn òkè, torí ohùn ìsàlẹ̀ tó bá tóbi á gba àyè jù nínú àwo. RIAA lorúkọ ìlànà yẹn, ó ti wà láti 1954. Phono stage ló máa ń dá ohun gbogbo padà sí àyè rẹ̀. Láìsí i, orin á fẹ́lẹ́, á sì máa han èèyàn létí.

Ohun kan máa ń pa mí lẹ́rìn-ín lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 1977 tí NASA rán Voyager méjèèjì lọ sí òfuurufú, wọ́n fi àwo bàbà tí wọ́n fi wúrà bò sára wọn, wọ́n sì fi kátíríìjì àti abẹ́rẹ́ sí i. Goddard tó wà ní Greenbelt, nínú káúntì wa níbí, ló ṣe ohun tó ń wọn agbára òòfà lára Voyager. Èdè 55 ni wọ́n fi kí àwọn ẹ̀dá tó bá wà lọ́hùn-ún. Yorùbá ò sí níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlù láti Benin wà nínú àwo náà. Mo ti fara mọ́ ọn. Àmọ́ wọ́n gbọ́n tó láti má fi àwo ránṣẹ́ láìfi abẹ́rẹ́ tó bá a mu sí i.

Ẹnu abẹ́rẹ́

Dáyámọ́ǹdì ni ẹnu gbogbo abẹ́rẹ́ tí mò ń sọ yìí, ti olówó pọ́ọ́kú àti ti olówó gọbọi. Bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ ló yàtọ̀. Conical rí roboto bí orí bírò. Elliptical ni wọ́n fá lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì, ó wá tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀. Shibata, tí wọ́n sọ lórúkọ Norio Shibata tó ṣe é ní ilé iṣẹ́ JVC, àti àwọn mìíràn bíi line contact àti microline, tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì ga, wọ́n jọ ẹnu ọ̀bẹ. Ohun tó gbẹ́ poro náà nígbà tí wọ́n ń ṣe àwo, ẹnu rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ. Ẹ ti rí ibi tí mò ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Àwo 33⅓ ń yí ní iye kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n òbìrìkìtì etí àwo tóbi, ti àárín kéré. Létí, níbi tó fi 146 mìlímítà jìnnà sí ojú ihò, poro ń gba abẹ́ abẹ́rẹ́ kọjá ní 51 sẹ̀ǹtímítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítòsí àárín, ní 60 mìlímítà sí ojú ihò, 21 péré ni. Ẹ wá mú ohùn kan tó ń gbọ̀n nígbà 10,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, irú èyí tó wà nínú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti nínú ohùn "s". Létí àwo, ìgbì kan ohùn yẹn gùn ní máíkírọ́ọ̀nù 51. Nítòsí àárín, ó ti di 21. Ẹgbẹ̀rún kan máíkírọ́ọ̀nù ló sì wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo. Ohùn kan náà ni o, wọ́n kàn fún un mọ́ àyè tí kò tó ìdajì.

Audio-Technica ní ọ̀wọ́ kátíríìjì kan tó ń jẹ́ VM95. Mo fẹ́ràn láti fi kọ́ni, torí pé ara kátíríìjì kan náà ni fún gbogbo wọn, abẹ́rẹ́ nìkan lẹ máa pààrọ̀. Conical tiwọn, rédíọ́ọ̀sì ẹnu rẹ̀ jẹ́ máíkírọ́ọ̀nù 15. Elliptical jẹ́ nǹkan bí 8 lẹ́gbẹ̀ẹ́. Microline jẹ́ 3. Ẹ fi wọ́n wé ìgbì máíkírọ́ọ̀nù 21 yẹn, tó ní gèlétẹ̀ kan àti kòtò kan. Ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù sórí kòtò tó kéré sí bọ́ọ̀lù mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀: bọ́ọ̀lù á kàn fò ó kọjá.

Ìṣòro yìí wúwo lórí orin tiwa ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Níbi tí orin kọ̀ọ̀kan ti dá dúró lórí àwo, ẹni tó ń tò wọ́n lè fi orin jẹ́jẹ́ sí ìparí, kí abẹ́rẹ́ má bàa jìyà. Ṣùgbọ́n nínú jùjú àwọn ọdún 1970, ti Ebenezer Obey lọ́dọ̀ Decca tàbí ti Sunny Adé lọ́dọ̀ African Songs, wọ́n lè so orin mọ́ orin láìdúró títí ojú àwo á fi tán. Ẹ̀gbẹ́ àti èèyàn ni wọ́n sì ń kì níbẹ̀. Ẹ rántí pé Haruna Ishola fi orúkọ ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo, Oroki Social Club, pe àwo rẹ̀ lọ́dún 1971. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí orin bá ti gbóná tán, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, abẹ́rẹ́ ti dé tòsí àárín.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo

Bàbá kan wà ní Bowie, ẹni ọdún 74. Ọ̀rẹ́ ọmọ wọn ni mí, torí náà Dádì ni mo máa ń pè wọ́n. Wọ́n ní àwo àpàlà kan tí olórin ti ki bàbá tó bí wọn, oníṣòwò kòkó ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ní ìparí ojú kejì. Ìdílé náà ń ṣe ìrántí olóògbé ní oṣù Kejìlá, wọ́n sì fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ tí olórin fi kì í sábẹ́ fọ́tò rẹ̀ nínú ìwé ètò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé wọn ò gbà lórí ọ̀rọ̀ náà. Dádì ní olórin sọ pé bàbá "kò ṣá", bí òdòdó tí oòrùn ò lè pa. Àbúrò wọn obìnrin tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde ní irọ́ ni, "kò sá" ni, torí nígbà rògbòdìyàn Wẹtíẹ̀ ní 1965, bàbá ò fi ilé rẹ̀ sílẹ̀. Dádì ní, "Ta ló sọ fún ẹ? Mo wà níbẹ̀. A sùn lóko lóru ọjọ́ kẹta." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè, ẹ rí i pé àmì tó-tò-tó kan lábẹ́ "s" ló fẹ́ da ilé rú.

Kí n tó gbé abẹ́rẹ́ sí i, ohun kan wà tó yẹ ká yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn kì í pe "ṣ". "Sé o ti jẹun" ni wọ́n máa sọ fún yín. Bí olórin bá jẹ́ irú wọn, kò sí kátíríìjì lábẹ́ ọ̀run tó lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Torí náà, ìbẹ̀rẹ̀ ojú àwo la kọ́kọ́ gbọ́, níbi tí poro ti ń sáré dáadáa tí gbogbo abẹ́rẹ́ sì ti lè kà á. Olórin náà pe "ṣ" àti "s" lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ketekete. Lẹ́yìn náà la wá ọ̀rọ̀ méjì tí ẹnikẹ́ni ò lè jiyàn lé lórí nítòsí ibi tá à ń wá: "iṣẹ́" kan àti "ẹsẹ̀" kan, méjèèjì láàárín ìṣẹ́jú kan sí ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn náà. Àwọn ni ẹlẹ́rìí wa.

A fi conical sí i. "Iṣẹ́" dún bí iṣẹ́. "Ẹsẹ̀" náà dún bí "ẹṣẹ̀", pẹ̀lú ariwo bí ẹni ń din àkàrà. Ọ̀rọ̀ wa dún bí "ṣá". Dádì wo ojú mi. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù, ẹlẹ́rìí kan ti ṣì wí. A fi elliptical sí i: ariwo dín kù, àmọ́ "ẹsẹ̀" ò tíì dá mi lójú. A fi microline sí i. "Iṣẹ́" dúró lọ́tọ̀, "ẹsẹ̀" dúró lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ wa sì lọ bá ẹsẹ̀. "Kò sá." Mo gbà á sórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú Audacity, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, mo sì wo àwòrán ohùn náà. Agbára "s" máa ń ga ju ti "ṣ" lọ, bó sì ṣe hàn níbẹ̀ nìyẹn, nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì tá a mọ̀ àti nínú èyí tá a ò mọ̀.

Dádì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Olówó ni wọ́n ń kì, kí lẹ fẹ́ kó sọ?" Wọ́n gbà pé ohun tí olórin wí nìyẹn. Wọn ò gbà pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn, abẹ́rẹ́ ò sì lè bá wọn dá sí ìyẹn.

Ìdí mìíràn wà tí microline fi ṣe dáadáa. Rẹ́díógíràmù àtijọ́ máa ń fi gíráàmù 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tẹ àwo, ó sì ti fi ẹnu roboto rẹ̀ ha ibì kan lára ògiri poro láti ọdún dé ọdún. Abẹ́rẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì ga máa ń kan ibi tí ti àtijọ́ ò dé. Kì í ṣe idán ṣá o. Bí poro bá ti jẹ tán, ó ti jẹ tán.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Largo yá wa ní MC tirẹ̀, èyí tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là, tó ní ẹnu line contact, pẹ̀lú phono stage tó bá a mu. Mi ò ní purọ́, mo gbádùn rẹ̀. Ilẹ̀kẹ̀ ara ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dún lọ́kọ̀ọ̀kan, agídìgbo nípọn, ẹ sì lè mọ ẹni tó dúró sẹ́yìn olórin nínú àwọn elégbè. Ṣùgbọ́n "kò sá" ò hàn ju bó ṣe hàn pẹ̀lú microline tó jẹ́ nǹkan bí igba dọ́là. Àwọn kátíríìjì kan wà tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là. Ẹni tó lówó kó rà á, adùn wà níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kó ra ẹnu tó mú.

Kẹ́ ẹ lè rí i pé owó àti ẹnu kì í rìn pọ̀ nígbà gbogbo, ẹ wo Denon DL-103. Láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń ṣe é, fún ilé iṣẹ́ rédíò NHK ní Japan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, owó rẹ̀ sì ju ti microline yẹn lọ. Conical ni. Ohùn èèyàn máa ń nípọn lórí rẹ̀, mo mọ àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Mi ò ní fi wá ọ̀rọ̀ tó sọnù ní ìparí ojú àwo. Ọ̀rọ̀ owó náà ṣì kù: Audio-Technica ní conical tiwọn á lo nǹkan bí wákàtí 500, elliptical 300, microline 1,000. Ẹ pín owó yín sí wákàtí, ẹ máa rí i pé èyí tó jọ ọ̀wọ́n lè má wọ́n.

Apá

Iṣẹ́ apá ẹ̀rọ rọrùn láti sọ, ó sì ṣòro láti ṣe: kó gbé kátíríìjì dúró jẹ́ẹ́ lókè poro, kó sì máa tẹ̀ lé e wọlé láìfi ipá fà á. Ẹ so ìdì kọ́kọ́rọ́ mọ́ rọ́bà, kẹ́ ẹ máa fà á sókè sódò. Bẹ́ ẹ bá ń ṣe é díẹ̀díẹ̀, kọ́kọ́rọ́ á máa tẹ̀ lé ọwọ́ yín. Bẹ́ ẹ bá ń ṣe é kíákíá, kọ́kọ́rọ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sójú kan, rọ́bà nìkan lá máa nà. Ṣùgbọ́n ní ìwọ̀n ìyára kan láàárín méjèèjì, kọ́kọ́rọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fò bí ẹni tí orí ń yí. Apá àti kátíríìjì ni kọ́kọ́rọ́, rọ́bà kékeré tó di ọ̀pá abẹ́rẹ́ mú ni rọ́bà. A fẹ́ kí ibi ìfò yẹn wà láàárín ìgbà 8 sí 12 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Orin bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 20. Àwo tó ti tẹ̀, àti ẹsẹ̀ èèyàn lórí ilẹ̀, wà nísàlẹ̀ 6. A ń há a sí àárín kó má bàa rí ẹni bá jà.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Ẹ ro ìwúwo apá, kátíríìjì, àti àwọn nọ́ọ̀tì àti bóòtì pọ̀. Ìwúwo apá tí mò ń sọ kì í ṣe ti orí ìwọ̀n ọjà o, bó ṣe wúwo ní ìdí abẹ́rẹ́ ni. Ọmọ odó tẹ́ ẹ bá dì mú ní ìpẹ̀kun kan wúwo lọ́wọ́ ju èyí tẹ́ ẹ dì mú láàárín lọ. Ilé iṣẹ́ á kọ nọ́ńbà yẹn sínú ìwé ẹ̀rọ. Apá Technics SL-1200MK2 tó jáde lọ́dún 1979 jẹ́ gíráàmù 12. Bí kátíríìjì àti nọ́ọ̀tì rẹ̀ bá jẹ́ 8, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 20. Bí rírọ̀ rọ́bà kátíríìjì, tí wọ́n ń pè ní compliance, bá jẹ́ 15, 20 lọ́nà 15 jẹ́ 300. Ẹ wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé bó bá lọ́po ara rẹ̀ á fún yín ní 300: nǹkan bí 17.3 ni. Ẹ pín 159 sí 17.3, ẹ máa rí 9.2. Ó dára gan-an.

Ẹ wá gbé kátíríìjì tó rọ̀ gan-an, tí tirẹ̀ jẹ́ 30, sórí apá wúwo tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 27. Ìdáhùn á já sí 5.6, àárín wàhálà gan-an. DL-103 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, rọ́bà tirẹ̀ le, torí náà apá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ò bá a mu, apá wúwo ló ń fẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún: àwọn ilé iṣẹ́ Japan kan máa ń wọn compliance ní 100 Hz, àwọn mìíràn ní 10 Hz. Ti 100 Hz máa ń kéré, ẹ lọ́ ọ po ní nǹkan bí 1.7 kẹ́ ẹ tó fi ṣírò.

Ní àwọn ilé wa ní káúntì yìí, nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Pákó ni ilẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé. Bí ọmọ ọdún márùn-ún bá sáré kọjá ní pálọ̀, abẹ́rẹ́ á fò. Gbogbo wa la ní básímẹ́ǹtì tí a kó àpótí sí. Kọnkéré ni ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹ kó àpótí kúrò, kẹ́ ẹ gbé ẹ̀rọ síbẹ̀. Bí kò bá sí básímẹ́ǹtì, ẹ kan pẹpẹ mọ́ ògiri. Èyí á ṣe yín láǹfààní ju kẹ́ ẹ pààrọ̀ apá lọ.

Ní ti apá fúnra rẹ̀, mo ti lo irú méjì dáadáa. Ti Technics ní orí tó ṣeé tú, ẹ lè ní kátíríìjì méjì kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ wọn ní ìṣẹ́jú kan. Ti Rega, láti RB300 ọdún 1983 wá, ẹyọ alumíníọ̀mù kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe é láti ìdí dé orí. Ó le, kò ní oríkèé tí á máa gbọ̀n, ohùn rẹ̀ sì mọ́ létí mi díẹ̀ ju ti Technics lọ. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ò ṣeé tú. Ìdílé tó ní àwo orísìíríṣìí nínú páálí kan, Technics ni màá rà fún. Apá gígùn 12-inch, irú èyí tí SME ti ń ṣe láti 1959, máa ń dín àṣìtọ̀ abẹ́rẹ́ kù, torí ohun tó gbẹ́ poro rìn lórí ilà tó tọ́, apá tiwa sì ń yípo lórí ìdí kan. Lóòótọ́ ni. Àmọ́ ó tún wúwo sí i, ó gba àyè, apá kúkúrú tí wọ́n tò dáadáa sì máa ń borí apá gígùn tí wọ́n kàn gbé kalẹ̀.

Títò ọ̀hún ò le. Ẹ ra ìwọ̀n kékeré tí kò tó ogún dọ́là, kẹ́ ẹ fi abẹ́rẹ́ lé e, kẹ́ ẹ yí irin ẹ̀yìn apá títí á fi bá iye tí ilé iṣẹ́ kọ mu; fún VM95 microline, gíráàmù 2. Ẹ má fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ torí pé ẹ fẹ́ dá àwo sí. Abẹ́rẹ́ tó fúyẹ́ jù á máa ta, títa yẹn ló ń ba poro jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bébà ìwọ̀n tí ilà wà lára rẹ̀ jáde, irú ti Baerwald, tí wọ́n sọ lórúkọ ẹni tó ṣírò rẹ̀ lọ́dún 1941, kẹ́ ẹ sì fi tò ó kí kátíríìjì dúró ṣánṣán ní ojú àmì méjèèjì. Abẹ́rẹ́ microline ò fẹ́ kẹ́ ẹ fojú díwọ̀n o. Conical á gbà bẹ́ẹ̀, microline á bínú.

Ẹ fọ àwo kẹ́ ẹ tó lù ú, omi àti ọṣẹ díẹ̀, kí bébà àárín rẹ̀ má tutù. Nígbà òtútù tí hítà bá ti gbẹ afẹ́fẹ́ ilé, àwo á máa fa eruku mọ́ra bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú dráyà. Kí afẹ́fẹ́ yàrá ní ọ̀rinrin díẹ̀, ó tó.

Ọ̀kan ṣì kù, mo sì ń bẹ̀ yín. Nínú páálí òbí yín, ẹ lè rí àwo kékeré tó wúwo, tó le bí àwo oúnjẹ, tó sì máa fọ́ bó bá já. Ẹ wo bébà àárín rẹ̀. Bí 78 bá wà níbẹ̀, poro rẹ̀ fẹ̀ ju ti LP lọ fíìfíì. Abẹ́rẹ́ LP á kàn máa họ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni, yóò sì bà jẹ́. Wọ́n ń ta abẹ́rẹ́ 78 tó wọ ara VM95 kan náà. Títí ẹ ó fi rí i rà, ẹ to àwo náà dúró ní òró, ẹ má to ohunkóhun lé e lórí.